Bí A Ṣe Ń Darí Àwùjọ Ìtọ́sọ́nà Ẹ̀mí Láàárín Àwọn Onígbàgbọ́

Nígbà tí Kristẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń pàdé déédéé láti jọ tẹ́tí sí ohun tí Ọlọ́run ń ṣe nínú ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn. Ẹnì kan á sọ ibi tí òun àti Ọlọ́run bá ọ̀rọ̀ dé, àwọn yòókù á gbọ́, gbogbo wọn á dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á bá a wá ibi tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń darí rẹ̀ sí. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó yàtọ̀ sí ìpàdé àdúrà, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ìtọ́jú tí oníṣègùn ọpọlọ ń ṣe.

Ẹni tí wọ́n ní kó wá darí irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pásítọ̀, sísítà tàbí ọmọ ìjọ tí kò gba oyè kankan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á: Ẹ̀mí Mímọ́ ni olùtọ́sọ́nà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí ni àwa tó kù. Ohun tó sì ń ba irú àwùjọ yìí jẹ́ jù lọ ni ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn rere ni mo ní lọ́kàn, èyí tí a fi ìfẹ́ gba ènìyàn kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 300 sí 500 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, àwọn èèyàn máa ń rìn wọ inú aginjù Íjíbítì lọ bá àwọn ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ nínú àdúrà, kí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n ti àwùjọ ló kàn wá níbí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ àpẹẹrẹ díẹ̀, torí olúkúlùkù wọn ló ní ohun tó máa ṣe wá láǹfààní.

Ní ọdún 1539, Ignatius ará Loyola, àlùfáà Kátólíìkì láti ilẹ̀ Sípéènì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Róòmù, wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n di ẹgbẹ́ kan lábẹ́ olórí kan tí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Lọ́sàn-án, kálukú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà. Lálẹ́, wọ́n á pàdé. Wọ́n bá ara wọn ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ yí ẹnì kejì lọ́kàn padà níta ìpàdé. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn á sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn á sọ ìdí tó fi yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó di agbẹjọ́rò fún apá kan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn Jésúìtì, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn nínú ìjọ Kátólíìkì, ti jáde wá.

Gbèsè ló bí ìpàdé kíláàsì ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejì ọdún 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, olórí àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ń wá bí wọ́n ṣe máa san gbèsè ilé ìjọsìn. Wọ́n pín ara wọn sí nǹkan bí méjìlá méjìlá, ẹnì kan á sì máa lọ gba pẹ́nì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn agbowó ti ń wọlé tọ àwọn ará ni wọ́n ń rí bí ayé wọn ti rí gan-an. Wesley rí i pé ohun tó ju owó lọ wà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìpàdé tí wọ́n ti ń béèrè bí ọkàn kálukú ṣe wà sí.

Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jọ́sìn, ní tiwọn ti ní ìgbìmọ̀ kékeré kan láti àwọn ọdún 1600, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọ̀nà mọ́ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tó yá, wọ́n mú un lò fún àwọn ìpinnu ńlá mìíràn, pẹ̀lú òfin kan tó le: ìbéèrè nìkan ni ẹ lè bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ gbà á nímọ̀ràn.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwùjọ ń tẹ̀ lé lónìí wá láti Shalem Institute, ilé iṣẹ́ Kristẹni kan tó ń kọ́ni ní ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Sísítà Rose Mary Dougherty ló ṣiṣẹ́ lé e lórí jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìdáhùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́: gbogbo rẹ̀ kò ju mẹ́rin yìí lọ, lórí rẹ̀ ni mo sì gbé àwọn ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e yìí kà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ara yín wò

Ẹni tí kò ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ darí àwùjọ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, mi ò sì ní dẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó ń tẹ́tí sí yín, ẹ ó máa fi ìpàdé àwọn ẹlòmíràn wá etí fún ara yín láìmọ̀. Ẹ wá olùtọ́sọ́nà tàbí àgbà kan nínú ìgbàgbọ́ tí ẹ ó máa rí lóṣooṣù, ẹni tí kò sí nínú àwùjọ náà, tí ẹ sì lè sọ fún bí ìpàdé ti rí lára yín láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú orúkọ àwọn tó ń bọ̀ wá síwájú Ọlọ́run. Ẹ má tíì tọrọ ohunkóhun fún wọn. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì dúró díẹ̀ lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: ta ni nínú wọn ni mo ti rò pé mo mọ ojútùú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ rẹ̀ jù lọ́jọ́ náà, torí etí yín ti fẹ́ di sí i.

Nínú 1 Sámúẹ́lì orí 3, ojú àlùfáà Élì ti ń ṣe bàìbàì, ilé rẹ̀ kò sì tòrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámúẹ́lì ọmọdé sá wá bá a kó tó yé Élì pé Olúwa ló ń pe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yé e, Élì kò bá a lọ, kò sì sọ fún un ohun tí Ọlọ́run fẹ́ sọ. Ó ní kó padà lọ dùbúlẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní èsì tó máa fọ̀: “Máa wí, Olúwa, nítorí tí ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́.” Kò sí àpẹẹrẹ olùdarí tó wù mí tó èyí. Dídá ènìyàn padà síbi tó ti ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan àwọn tí ẹ ó pè

Olùdarí àti ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dára jù. Bí èrò bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan á máa lọ sílé láìjẹ́ pé a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ kó tó di ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ bi í pé kí ló ń wá, báwo ni àdúrà rẹ̀ ti rí lásìkò yìí, ṣé ó lè jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìsáré wá ojútùú sí i, ṣé ó lè wá lóṣooṣù fún oṣù mẹ́sàn-án. Kò pọn dandan kí gbogbo wọn wá láti ìjọ kan náà. Kátólíìkì, Bápítísì àti ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì lè jọ jókòó, bí olúkúlùkù bá ń wá Ọlọ́run tọkàntọkàn tí kò sì wá láti yí ẹnì kejì padà.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi sínú àwùjọ kan náà. Tọkọtaya ni àkọ́kọ́: ọkọ kò ní lè sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nípa ilé rẹ̀ kí aya wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni aya. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ìjọ máa ń gbójú fò jù: pásítọ̀ àti ẹni tí ipò rẹ̀ wà lọ́wọ́ pásítọ̀ náà. Bí ẹ bá jẹ́ pásítọ̀, tí ẹ sì fẹ́ darí àwùjọ nínú ìjọ yín, ẹ rò ó dáadáa bóyá àwọn ènìyàn lè sọ fún yín pé àwọn kò gbàgbọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn darí rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, tàbí tí ilé rẹ̀ ń tú lọ́wọ́, nílò ẹnì kan tó máa kọ́kọ́ dúró tì í lọ́tọ̀. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ pé àyè rẹ̀ ń dúró dè é, kí ẹ sì bá a wá ìrànlọ́wọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bá ara yín dá májẹ̀mú

Ìpàdé àkọ́kọ́ wà fún èyí nìkan. Ẹ fẹnu kò lórí ọjọ́, wákàtí, ibi ìpàdé àti iye oṣù tí ẹ ó lò. Ẹ fẹnu kò pé ẹni tí kò bá lè wá á tètè sọ. Èyí kò gba àsìkò púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló gba àsìkò. Gbogbo ènìyàn á ní àwọn gbà pé ohun tí a sọ níbí, ibí ló máa wà. Ẹ má jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọkọ tàbí aya ẹni nílé. Ẹ sọ pé a kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde fún ẹni tó ni ín pàápàá nígbà tí a bá pàdé rẹ̀ níta ilé ìjọsìn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ mẹ́nu bà á. Ẹ sì sọ èyí tó ń tú àṣírí jù láàárín àwa onígbàgbọ́: a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di kókó àdúrà. “Ẹ bá wa fi arábìnrin kan sínú àdúrà, ilé rẹ̀ ń gbóná” ti tú ilé púpọ̀ ká, ẹni tó sọ ọ́ sì rò pé oore ni òun ń ṣe.

Àṣírí ní ààlà, ọjọ́ kìíní sì ni kí ẹ sọ ààlà náà. Bí ẹnì kan bá sọ pé wọ́n ń ṣe ọmọdé kan níkà tàbí wọ́n ń bá a ṣèṣekúṣe, tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, ẹ ò ní pa á mọ́ra. Ẹ ó wá ẹni tó lè dáàbò bo ẹ̀mí náà, títí kan àwọn aláṣẹ. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ ṣáájú, yóò dà bí ẹni pé ẹ da ẹni náà nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìpàdé fúnra rẹ̀

Ẹ to àga yíká kí gbogbo ojú lè rí ara wọn. Ẹ pa fóònù. Ẹ gbé aago síbi tí ẹ̀yin nìkan ti lè rí i. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń pàdé, kí kálukú wà nínú yàrá tó tilẹ̀kùn, kó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ohùn tàbí àwòrán ìpàdé sílẹ̀.

Fún ẹni mẹ́ta, wákàtí méjì tó. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ wà fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bóyá lẹ́yìn ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kúkúrú kan. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ìṣẹ́jú 10 láti sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 3 tí gbogbo yín á fi dákẹ́, ìṣẹ́jú 12 fún ìdáhùn, àti ìṣẹ́jú 5 ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ ó fi gbàdúrà fún un nínú ọkàn yín. Ẹ lè fún ara yín ní ìṣẹ́jú 10 láti na ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹnì kejì. Ìṣẹ́jú 10 tó kù wà fún ìparí.

Nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dá a dúró, kódà láti béèrè ohun tí kò yé e. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣòro. Ó lè jẹ́ ayọ̀ kan tó bá a lójijì, ẹsẹ Bíbélì tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ìpinnu iṣẹ́, tàbí pé àdúrà ti sú u. Bí kò bá ní ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jọ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ dákẹ́ níwájú Ọlọ́run, àyè náà ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn olùdarí tuntun sábà máa ń gé kúrú, nítorí ó máa ń gùn lójú wọn. Ẹ má gé e. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tó sáré wá sí wa lọ́kàn ti ń kú, tí ohun mìíràn sì ń rí àyè yọjú. Ẹ kọ́ àwọn ará láti bi Ọlọ́run pé: “Olúwa, kí ni àdúrà rẹ fún ẹni yìí?” Bí ohunkóhun kò bá wá, kí wọ́n má ṣe wá ọ̀rọ̀ sọ nípá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdáhùn, níbi tí iṣẹ́ wà

Òwe 20:5 sọ pé ìmọ̀ nínú ọkàn ènìyàn dà bí omi jíjìn, amòye ènìyàn ló sì ń fà á jáde. Iṣẹ́ fífà yẹn la ń ṣe níbí. Ohun tí ẹni náà nílò ti wà nínú rẹ̀ níbi tí Ẹ̀mí ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé arábìnrin kan sọ̀rọ̀ báyìí: òun ló ń tọ́jú ìyá òun tó ti darúgbó, òun kì í rí àyè gbàdúrà mọ́, tí òun bá sì kúnlẹ̀ lálẹ́, oorun ló ń gbé òun lọ, ó wá ń ṣe òun bíi pé Ọlọ́run ti jìnnà. Ìmọ̀ràn mélòó ló ti dé ẹnu wa? Kó máa jí ní aago mẹ́rin. Kó pín iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Kó máa gbọ́ Bíbélì lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ ló dára, gbogbo rẹ̀ náà ló ń sọ fún un pé òun ló jẹ̀bi.

Ẹ wá wo ohun tí ìbéèrè lè ṣe. “Ẹ ní ó ń ṣe yín bíi pé Ọlọ́run jìnnà, nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún màmá ńkọ́, ṣé ó jìnnà nígbà yẹn náà?” “Bí oorun bá gbé yín lọ lórí ìkúnlẹ̀, báwo lẹ rò pé Ọlọ́run ṣe ń wò yín?” Ó lè jẹ́ pé fún ìgbà àkọ́kọ́, arábìnrin náà á rí i pé àdúrà òun kò dáwọ́ dúró, pé ó kàn gba ibòmíràn. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dáhùn pé rárá o, inú ń bí òun sí Ọlọ́run ni. Ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́ tí ìmọ̀ràn aago mẹ́rin kò ní jẹ́ ká gbọ́ láéláé.

Ìbéèrè tó dára ni èyí tí ẹni tó ń bi í kò mọ ìdáhùn rẹ̀. “Ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ lọ tọrọ àforíjì?” kì í ṣe ìbéèrè, ìmọ̀ràn ló fi aṣọ ìbéèrè bora. “Kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?” máa ń jẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn ará: “Níbo lẹ rí Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ yìí?” “Báwo ni àdúrà yín ti rí látìgbà náà?” “Nígbà tí ẹ dárúkọ iṣẹ́ yẹn, ojú yín tàn. Kí ló wà níbẹ̀?” “Kí lẹ ń fẹ́ gan-an?” Jésù fúnra rẹ̀ bi Bátíméù afọ́jú ní ìbéèrè tó jọ èyí, nínú Máàkù 10:51, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè sọ ohun tí afọ́jú ń fẹ́. Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìtàn ara ẹni náà jẹ́ ewu. “Irú rẹ̀ ṣe èmi náà rí” máa ń gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí àwọn ará pa á mọ́ di ìgbà tiwọn.

Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbani nímọ̀ràn, ẹ̀yin olùdarí lẹ gbọ́dọ̀ dá sí i, kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ṣòro bó bá jẹ́ pé ẹni náà jù yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ẹ bá wa sọ ọ́ di ìbéèrè.” Tàbí kí ẹ kọjú sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀: “Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, èwo ló kàn yín lọ́kàn?” Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní oṣù àkọ́kọ́, àwọn ará fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu wọn.

Kí ni ká ṣe bí ẹnì kan bá ní Ọlọ́run fún òun ní ọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn? Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ṣe kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì dán ohun gbogbo wò. Ẹ di méjèèjì mú. Kí ẹni náà sọ ọ́ bí ẹni tó na ọwọ́ tó là: “Ọ̀rọ̀ báyìí wá sí mi lọ́kàn, bí kò bá jẹ́ tiyín, ẹ fi sílẹ̀.” Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò ní fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó máa gbé e wọ inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e, òun àti Ọlọ́run ló sì máa mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹlòmíràn nínú yàrá yìí, pàápàá lórí ìgbéyàwó, owó tàbí ìtọ́jú àìsàn.

Nígbà tí omijé bá dé

Ẹ má ṣe sọ pé kó má sunkún mọ́. Ẹ má sáré dì mọ́ ọn. Ẹ jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹkún bá ti rọlẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó fẹ́ kí ẹ tẹ̀ síwájú tàbí kí ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó bá yàn ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìdúró jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀, torí àyè ẹlòmíràn ló ń lò.

Mímọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ohùn

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń mú ọkàn yọ̀ ló wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìnira ló wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Àwùjọ tó ti pé oṣù mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra: arákùnrin kan, nígbàkígbà tó bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ gbà, ohùn rẹ̀ á wá sílẹ̀, èjìká rẹ̀ á sì wó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ń sọ pé inú òun dùn. Ẹ lè sọ ohun tí ẹ rí fún un, láìtúmọ̀ rẹ̀. Èso tí Pọ́ọ̀lù kà nínú Gálátíà orí 5 ni òṣùwọ̀n wa: ṣé ọ̀nà yìí ń mú kí ìfẹ́, àlàáfíà àti ìkóra-ẹni-níjàánu pọ̀ sí i lára rẹ̀, tàbí ó ń mú kó há mọ́ra?

Ignatius fi ìlànà kan sílẹ̀ tó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ àbámọ̀: nígbà tí ọkàn bá dahoro, tí àdúrà kò dùn mọ́, má ṣe yí ìpinnu tí o ṣe nígbà tí ọkàn rẹ wà nínú ìtùnú padà. Ẹ máa rán ara yín létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe gbogbo òkùnkùn ní ìdahoro ẹ̀mí. Bí ẹnì kan kò bá lè sùn, tí kò lè jẹun, tí kò sí ohun tó ń wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, kí ẹ gbà á níyànjú láti lọ rí dókítà. Níbí, ìmọ̀ràn tọ́, ó sì ní láti yá.

Ìparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, àti láàárín oṣù

Ìṣẹ́jú 10 ìparí kò sí fún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wo bí ẹ ṣe gbọ́ ara yín: ìgbà wo ni a wà nínú àdúrà gan-an? Ìgbà wo ni a sáré jù? Ṣé ẹnì kan ń lọ sílé pẹ̀lú ohun tó dùn ún? Àwùjọ tó bá ń fojú fo èyí á máa tún àṣìṣe kan náà ṣe.

Láàárín oṣù, ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni láti béèrè bóyá ó ti ṣe ìpinnu rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún wọn, kó tán síbẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ láti rántí, ẹ má kọ orúkọ, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yín, èyí tí ẹ máa gbé lọ bá àgbà tí mo sọ ṣáájú. Bí inú bá ń bí yín sí ẹnì kan nínú àwùjọ, tàbí ọkàn yín ń fà sí i ju bó ti yẹ lọ, kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àgbà yẹn kí ìpàdé tó tún kàn.

Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án bá pé

Ẹ má jẹ́ kí àwùjọ máa lọ nítorí pé ojú ń ti ẹnikẹ́ni láti kúrò. Ní ìpàdé kẹjọ, ẹ kéde pé ìkẹsàn-án ni ìparí májẹ̀mú yìí, kí kálukú lọ gbàdúrà bóyá kí òun tún wọnú tuntun. Ẹni tó bá ní òun ń lọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ní ìpàdé ìkẹyìn, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè láti sọ ohun tó ti yí padà láàárín òun àti Ọlọ́run láti ìpàdé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kí àwọn yòókù sọ, ní gbólóhùn kan tàbí méjì, ibi tí wọ́n ti rí oore-ọ̀fẹ́ nínú ayé rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹ tún májẹ̀mú àṣírí sọ sókè fún ìgbà ìkẹyìn, nítorí òun kò parí pẹ̀lú oṣù mẹ́sàn-án. Bí àwọn tó kù bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, tí ẹ sì fẹ́ gba ẹni tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ sì tún májẹ̀mú dá látòkèdélẹ̀, kódà fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n sórí.